Pípín Àyè Ìrántí fún Kernel Inú Ẹ̀rọ Kékeré: Ẹ̀kọ́ láti Ara Mítà Iná ní Mpape

Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní igi gánganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ẹ̀kọ́ wa ti òní jẹ mọ́ òwe yìí. A fẹ́ wo bí a ṣe ń pín àyè ìrántí fún kernel, èyí tí í ṣe kókó ètò aṣàkóso, nínú àwọn ẹ̀rọ ayára-bí-àṣá kéékèèké tó fara pamọ́ sínú mítà iná, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àti ẹ̀rọ POS. Ẹni tó ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ láàárín wa yóò rí ohun tí yóò lò fún iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀. Ẹni tí kò kọ́ ọ yóò mọ ìdí tí ọ̀pọ̀ mítà ní Nàìjíríà fi béèrè nọ́ńbà àkànṣe ní ọdún 2024.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí olúkúlùkù wa dì mú: ẹni tó bá ń pín àyè ìrántí, òun ló ń pinnu, kí ẹ̀rọ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rárá, ohun tí yóò bàjẹ́ ní ọjọ́ tí nǹkan bá kún.

1. MÍTÀ KAN NÍ MPAPE

Mpape jẹ́ àdúgbò orí òkè ní Àbújá, lábẹ́ ìgbìmọ̀ àgbègbè Bwari, kò sì jìnnà sí Maitama. Àwọn Gbàgyí ló ni ilẹ̀ náà, ṣùgbọ́n onírúurú ẹ̀yà Nàìjíríà ló ti kóra jọ síbẹ̀, àwa Yorùbá náà kò sì gbẹ́yìn. Ibẹ̀ wà lára ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta tí wọ́n fi ń kọ́ ilé àti títì Àbújá. Ilé-iṣẹ́ AEDC ló ń pín iná fún agbègbè náà.

Ẹ jẹ́ kí a mú ilé kan tó ní mítà àsansílẹ̀ níbẹ̀. Ìyá onílé ra iná, ó tẹ nọ́ńbà 20 tí wọ́n fún un sínú mítà, yúnítì sì wọlé. Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n mú iná lọ, ojú mítà sì ṣú. Nígbà tí iná dé ní ọjọ́ kejì, yúnítì tó kù lánàá náà ló ṣì wà níbẹ̀. Ta ló bá ìyá tọ́jú rẹ̀?

Kọ̀ǹpútà kékeré kan wà nínú mítà náà. Iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀. Ó ń ka iná tí ilé ń lò, ó ń wò bóyá ẹnìkan tẹ bọ́tìnnì, ó ń yẹ nọ́ńbà tí a tẹ̀ wò, ó ń kọ iye yúnítì sí ojú rẹ̀, ó ń tọ́jú iye náà pamọ́, ó sì ń gé iná nígbà tí yúnítì bá tán. Nínú àwọn ẹ̀rọ kan, ètò kan ṣoṣo ló ń yí po láti ṣe gbogbo rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú àwọn mìíràn, kernel kékeré kan ló ń pín àsìkò fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, bí ìyálọ́jà tí í sọ ẹni tó kàn láti pàtẹ. FreeRTOS, tí Richard Barry bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2003, wà lára irú kernel bẹ́ẹ̀ tó gbajúmọ̀ jù lọ. Èyí ó wù kó jẹ́, a gbọ́dọ̀ pín àyè ìrántí kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

2. ÌWÉ ONÍYÍŃKÌ ÀTI SÍLÉÈTÌ

Oríṣi àyè ìrántí méjì ló wà nínú ẹ̀rọ kékeré. Èkíní ni flash. Ó dà bí ìwé tí a fi yíńkì kọ: bí iná lọ, ohun tí a kọ síbẹ̀ kò parẹ́. Inú rẹ̀ ni ètò ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ń gbé. Èkejì ni RAM. Ó dà bí síléètì tí a fi ṣọ́ọ̀kì kọ: ó yá láti kọ, ó yá láti nù, ṣùgbọ́n bí iná bá ti lọ, gbogbo rẹ̀ ti nù nìyẹn. Inú RAM ni kernel ti ń ṣe ìṣirò rẹ̀.

Nínú kọ̀ǹpútà ńlá, kernel bíi Linux ní ẹ̀yà ara ẹ̀rọ kan tó ń bá a dáàbò bo àyè, tó jẹ́ pé ètò kọ̀ọ̀kan rò pé òun nìkan ló wà láyé. Bí ètò kan bá fẹ́ kọjá ààyè rẹ̀, wọ́n á dá a dúró. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ kékeré, kò sí irú ààbò bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ kan náà ni gbogbo iṣẹ́ ń tẹ̀, ilẹ̀ náà kò sì tóbi. Ẹ wo STM32F103C8, èyí tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń rà fún iṣẹ́ ìwádìí nítorí pé kò wọ́n. Flash rẹ̀ jẹ́ kìlóbáìtì 64, RAM rẹ̀ sì jẹ́ kìlóbáìtì 20 péré. Àpilẹ̀kọ tí ẹ ń kà yìí nìkan, pẹ̀lú gbogbo àmì ohùn rẹ̀, yóò gba ju ìdajì RAM náà lọ.

3. ÌWÉ ÌPÍN-ILẸ̀

Kí a tó gbé ètò wa sínú ẹ̀rọ, irinṣẹ́ kan tó ń jẹ́ linker ló ń to gbogbo rẹ̀ sí ipò. Kò lè dá a ṣe fúnra rẹ̀; ìwé kékeré kan ló ń tẹ̀ lé. Ìwé yìí ni mo ń pè ní ìwé ìpín-ilẹ̀, nítorí pé bí surveyor ṣe ń fi nọ́ńbà sí igun ilẹ̀ ni a ṣe ń fi àdírẹ́sì sí i. Ìlà mẹ́ta péré tó láti fi bẹ̀rẹ̀:

FLASH : ORIGIN = 0x08000000, LENGTH = 62K
UNIT : ORIGIN = 0x0800F800, LENGTH = 2K
RAM : ORIGIN = 0x20000000, LENGTH = 20K

Kí àmì 0x má ṣe dẹ́rù bà yín. Ó kàn ń sọ fún wa pé mẹ́rìndínlógún-mẹ́rìndínlógún ni a fi ń kà, dípò mẹ́wàá-mẹ́wàá. Lọ́nà yìí, 0x400 jẹ́ báìtì 1024, ìyẹn kìlóbáìtì 1. Ìlà kìíní sọ ibi tí ètò yóò gbé. Ìlà kejì ya kìlóbáìtì 2 tó gbẹ̀yìn flash sọ́tọ̀ fún yúnítì oníbàárà, kí ètò má baà hù débẹ̀. Ìlà kẹta sọ ibi tí RAM wà.

Kí ló dé tí a fi ń ṣe wàhálà ààlà tó báyìí? Ẹ wo Àbújá fúnra rẹ̀. Ìwé àgbékalẹ̀ ìlú náà ti wà láti ọdún 1979, kí olú-ìlú tó kó débẹ̀ ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 1991. Ní Maitama, wọ́n ti fa ìlà kí ilé tó dé. Ní Mpape, ilé ló ṣáájú ìlà. Ní ọdún 2012, ìjọba fẹ́ wó ibẹ̀, àwọn ará àdúgbò gbé ẹjọ́ lọ sí kóòtù, ilé ẹjọ́ gíga Àbújá sì dá wọn láre ní oṣù Kejì ọdún 2017. Ènìyàn lè bá ìjọba ṣẹjọ́ kó sì borí. Nínú àyè ìrántí, kò sí kóòtù. Iṣẹ́ tó bá kọjá ààlà rẹ̀ yóò kọ nǹkan tirẹ̀ lé orí ti ẹlòmíràn, láìsí ariwo, kò sì sí ẹni tí yóò mọ̀ títí ẹ̀rọ yóò fi ṣìwà hù.

4. Ẹ JẸ́ KÍ A PÍN KÌLÓBÁÌTÌ 20

Àpẹẹrẹ ìdánrawò ni èyí, kì í ṣe ti mítà ilé-iṣẹ́ kan pàtó. Nǹkan mẹ́rin ló ń béèrè àyè nínú RAM wa.

Àkọ́kọ́ ni àwọn ohun tí kernel ń lò fúnra rẹ̀ àti àwọn iye tí gbogbo iṣẹ́ jọ ń wò. Èkejì ni stack iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bí ẹni ń to àwo lé orí ara wọn ni stack rí: bí iṣẹ́ kan bá bẹ iṣẹ́ mìíràn lọ́wẹ̀, á to ibi tí yóò padà sí àti àwọn nọ́ńbà rẹ̀ lé e, bó bá parí, á kó wọn kúrò. Nínú ẹ̀rọ yìí, láti òkè sísàlẹ̀ ni stack ń dàgbà, ìyẹn láti àdírẹ́sì ńlá lọ sí kékeré. Ẹ̀kẹta ni stack àgbà, tí ẹ̀rọ ń lò nígbà tó bá ń jí àti nígbà tí ìpè òjijì bá dé, bíi kí ẹnìkan tẹ bọ́tìnnì. Ẹ̀kẹrin ni heap, ibi tí iṣẹ́ ti lè yá àyè lò kó sì dá a padà.

Báyìí ni a ṣe pín in:

Stack àgbà, kìlóbáìtì 2: 0x20000000 sí 0x200007FF
Ohun kernel àti iye àjùmọ̀lò, kìlóbáìtì 3: 0x20000800 sí 0x200013FF
Stack iṣẹ́ mẹ́rin, kìlóbáìtì 5: 0x20001400 sí 0x200027FF
Heap, kìlóbáìtì 6: 0x20002800 sí 0x20003FFF
Àyè tí a fi sílẹ̀, kìlóbáìtì 4: 0x20004000 sí 0x20004FFF

Ẹ ka gbogbo rẹ̀ pọ̀, 20 ni yóò jẹ́. Nínú stack iṣẹ́ mẹ́rin yẹn, èyí tó ń yẹ token wò gba kìlóbáìtì 2, nítorí pé ìṣirò rẹ̀ ló wúwo jù. Àwọn mẹ́ta yòókù gba 1 kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ pátápátá tí ẹ̀rọ ń kà nínú flash nígbà tó bá jí ni àdírẹ́sì orí stack àgbà, ìyẹn 0x20000800 níhìn-ín. Èkejì ni ibi tí ètò ti bẹ̀rẹ̀. Bí àwọn méjèèjì bá ṣì, ẹ̀rọ kò ní jí rárá.

Ẹnìkan lè béèrè pé: kí ló dé tí a fi stack àgbà sí ìsàlẹ̀ pátápátá, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìwé ìpín-ilẹ̀ ń fi í sí òkè? Ìdáhùn náà ni ọkàn ẹ̀kọ́ yìí. Bí stack bá wà lókè tó sì kún àkúnya, ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ni yóò tẹ̀ mọ́lẹ̀, bóyá heap tàbí nǹkan kernel fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá, kò sí nǹkan kan lábẹ́ rẹ̀. Bó bá kún kọjá, etí ilẹ̀ ló já sí. Ẹ̀rọ yóò kígbe lójú ẹsẹ̀, yóò sì dúró. A lè tún un jí, kó sì padà sí ẹnu iṣẹ́. Àṣìṣe tó kígbe sàn ju àṣìṣe tó ń rẹ́rìn-ín lọ.

5. PẸ́RẸ́GÚN LÁÀÁRÍN OKO MÉJÌ

Ti stack iṣẹ́ mẹ́rin yẹn ńkọ́? Wọ́n fẹ̀gbẹ́ kẹ̀gbẹ́ ni. Àwọn àgbẹ̀ wa mọ ohun tí wọ́n ń ṣe sí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀: wọ́n ń gbin pẹ́rẹ́gún sí ààlà. Pẹ́rẹ́gún kò lè di ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, ṣùgbọ́n bí a bá bá a ní títẹ̀mọ́lẹ̀, a mọ̀ pé ẹnìkan ti ré kọjá.

FreeRTOS náà ní pẹ́rẹ́gún tirẹ̀. A lè ní kó fi nọ́ńbà kan, 0xA5, kún stack iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó bá fẹ́ gbé àsìkò fún iṣẹ́ mìíràn, yóò wo ìparí stack ẹni tó ń kúrò. Bí A5 kò bá sí níbẹ̀ mọ́, a ti kọjá ààlà, kernel yóò sì pe ètò tí a ti kọ sílẹ̀ fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. A tún lè ka iye A5 tó kù lẹ́yìn tí ẹ̀rọ bá ti ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, kí a mọ bí stack ṣe kún tó. Ẹni tó bá fi ojú díwọ̀n stack láìkà á kò yàtọ̀ sí ẹni tó ra aṣọ láìwọn ara.

Ọ̀rọ̀ yìí ti dé kóòtù rí. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2013, ní ìpínlẹ̀ Oklahoma ní Amẹ́ríkà, àwọn adájọ́ ará ìlú gbọ́ ẹjọ́ ọkọ̀ Toyota Camry ọdún 2005 kan tó sáré àsápajúdé ní ọdún 2007, tó sì gba ẹ̀mí ẹnìkan. Michael Barr, ẹlẹ́rìí tó mọ̀ nípa ètò ẹ̀rọ, jẹ́rìí pé ilé-iṣẹ́ náà ṣírò pé ìdá 41 nínú 100 ni stack ń lò, ṣùgbọ́n òun rí i pé ó lè dé 94, àti pé nǹkan pàtàkì tí kernel ń lò ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ stack náà. Àjọ NASA ti kọ́kọ́ yẹ ọkọ̀ wọn wò, ìròyìn rẹ̀ ti ọdún 2011 sì sọ pé òun kò rí ẹ̀rí pé ẹ̀rọ ayára-bí-àṣá ló fa irú eré bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, àwọn adájọ́ ará ìlú dá àwọn olùpẹ̀jọ́ láre, wọ́n ní kí a san mílíọ̀nù 3 dọ́là. Ẹ̀yin tó ń kọ́ Òfin, ẹ rí i pé ìwé ìpín-ilẹ̀ inú ẹ̀rọ lè di ẹ̀rí ní kóòtù.

6. BÍ A ṢE Ń TỌ́JÚ YÚNÍTÌ ÌYÁ ONÍLÉ

Ẹ jẹ́ kí a padà sí Mpape. Flash ni a ó fi tọ́jú yúnítì, ṣùgbọ́n flash ní àìsàn tirẹ̀. A kò lè kọ nǹkan tuntun lé èyí tó ti wà. A gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pa odidi ojú ìwé kan rẹ́. Ojú ìwé kan nínú ẹ̀rọ wa jẹ́ kìlóbáìtì 1, ìgbà 10,000 ni àwọn tó ṣe é sì fi ọwọ́ sọ̀yà pé a lè pa á rẹ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan lè sọ pé, "Mo máa tọ́jú yúnítì ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan." Ìṣẹ́jú 1440 ló wà nínú ọjọ́ kan. Bí a bá ń pa ojú ìwé kan ṣoṣo rẹ́ ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ 7 ló máa fi dé 10,000. Mítà tó yẹ kó lo ọ̀pọ̀ ọdún lára ògiri ti gbó láàárín ọ̀sẹ̀ kan!

Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni pé kí a pín ojú ìwé sí ilà. Bí àkọsílẹ̀ kan bá jẹ́ báìtì 16, ilà 64 ni ojú ìwé kan yóò gbà. A ó máa kọ ọ́ tẹ̀lé ara wọn, ìgbà tí ojú ìwé bá kún nìkan la ó bọ́ sí èkejì. Ojú ìwé méjì yóò fún wa ní ìgbà 64 × 2 × 10,000, ìyẹn 1,280,000. Bí a bá ń kọ ọ́ ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, tí a sì fi ti ìgbà tí iná bá fẹ́ lọ kún un, ẹ̀rọ náà yóò pẹ́ ju onílé lọ.

Ojú ìwé méjì yẹn ní ìdí mìíràn. Iná lè lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá náà gan-an tí a ń pa ojú ìwé rẹ́. Bó bá jẹ́ ojú ìwé kan la ní, yúnítì ìyá onílé ti bá a lọ, owó rẹ̀ ti dòfo. Bó bá jẹ́ méjì, a kì í pa èyí àtijọ́ rẹ́ títí èyí tuntun yóò fi ní àkọsílẹ̀ tó pé. Ní ibi tí iná ti ń ṣẹ́jú bí ìràwọ̀, kìlóbáìtì 1 yẹn ni olóòótọ́ láàárín oníbàárà àti ẹ̀rọ.

7. NÍGBÀ TÍ BÍÌTÌ 24 KÚN

Títí di ìsinsìnyí, ilẹ̀ la ń pín. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà kan ṣoṣo náà ní ìpín-ilẹ̀ tirẹ̀. Nọ́ńbà 20 tí ìyá onílé tẹ̀ sínú mítà jẹ́ bíìtì 66, àwọn tó gbé ìlànà rẹ̀ kalẹ̀ sì pín in báyìí: bíìtì 2 fún irú token tó jẹ́, 4 fún ẹ̀ka rẹ̀, 4 fún nọ́ńbà àìròtẹ́lẹ̀, 24 fún àkókò tí a ṣe token náà, 16 fún iye yúnítì, àti 16 láti fi yẹ àṣìṣe wò. Ẹ ro ó pọ̀, 66 ni.

Bíìtì 24 ti àkókò ń ka ìṣẹ́jú láti ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 1993. Ó wà níbẹ̀ kí mítà lè mọ token tí a ti lò, kí ẹnikẹ́ni má baà tẹ ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì. Bíìtì 24 lè mú iye 16,777,216. Ẹ fi ìṣẹ́jú 1440 pín in: ọjọ́ 11,650 àti díẹ̀, tó sún mọ́ ọdún 32. Ọjọ́ 24 oṣù Kọkànlá ọdún 2024 ló kún.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi pariwo káàkiri Nàìjíríà àti ọ̀pọ̀ ilẹ̀ mìíràn ní ọdún náà. Oníbàárà tí mítà rẹ̀ ṣì wà lórí ìṣirò 1993 ní láti tẹ token àkànṣe méjì, nọ́ńbà 20 kọ̀ọ̀kan, kó tó tẹ èyí tó rà. Àwọn méjì náà ń pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ inú mítà, wọ́n sì ń mú un lọ sórí ìṣirò tuntun tó bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 2014. Mítà tí kò rí wọn gbà kò lè gba token tuntun mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ yẹn. Bí yúnítì inú rẹ̀ bá tán, òkùnkùn dé.

Ṣé àwọn tó pín in kò gbọ́n ni? Rárá o. Bí wọ́n bá fi bíìtì 1 kún un, ì bá tó ọdún 63. Ṣùgbọ́n ara ta ni wọn yóò ti yọ bíìtì náà? Bí wọ́n bá sì fa token gùn, ọwọ́ ènìyàn ló ń tẹ̀ ẹ́, lójú òkùnkùn nígbà mìíràn. Wọ́n mọ ọjọ́ tí yóò kún, wọ́n sì ti ṣe ọ̀nà àbáyọ sínú ìlànà náà, èyí tí í ṣe token méjì yẹn. Ìpín tó dára kì í ṣe èyí tí kò ní kún láéláé. Èyí tí a mọ ọjọ́ tí yóò kún, tí a sì mọ ohun tí a ó ṣe ní ọjọ́ náà, ni. Ìṣirò ti 2014 náà yóò kún ní ọdún 2045. Ọ̀pọ̀ nínú wa yóò ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà náà.

8. ÌDÁNRAWÒ

(i) Bí a bá fẹ́ fi iṣẹ́ karùn-ún tó nílò stack kìlóbáìtì 3 kún mítà wa, ibo ni ẹ ó ti yọ ọ́, kí ni yóò sì kù?

(ii) Bí a bá ń kọ yúnítì sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú 10 kọ̀ọ̀kan sínú ojú ìwé méjì wa, ọdún mélòó ni flash yóò lò?

(iii) Ẹ mú ẹ̀rọ kékeré kan tí ẹ mọ̀. Ẹ kọ ohun mẹ́ta tó lè kún nínú rẹ̀ sílẹ̀. Níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ohun tí yóò tẹ̀ mọ́lẹ̀ bó bá kún àkúnya.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ibi tí a bá pè ní orí, a kì í fi tẹlẹ̀. Kí ẹ tó kọ ìlà ètò kan ṣoṣo, ẹ mú pẹ́pà, ẹ ya RAM yín, ẹ fi pẹ́rẹ́gún sí ààlà, kí ẹ sì fi àyè sílẹ̀ fún ọjọ́ iwájú.